Bàbá Mi, Ẹ Má Pe Dúpẹ́ ní Dókítà Mọ́

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, okun o, bí a ṣe ń kíra wa nílé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí kápẹ́ẹ̀tì yàrá tí mo háyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ẹ bá mi kí Ìyé mi, ìyá tó bí mi. Bí ẹ bá ń kí i fún mi, kí Dúpẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ kó fẹnu là á yé e, torí mo mọ̀ pé etí náà kò tíì sàn. Ẹ kí Káyọ̀dé tó tẹ̀ lé mi, ẹ kí Dúpẹ́ àbíkẹ́yìn wa. Mo kí àwọn èèyàn yín ní mọ́ṣáláṣí, mo kí ìjọ Àgùdà tí Ìyé ń lọ, mo kí gbogbo àdúgbò wa ní Kabba, pàápàá àwọn tí yóò ka lẹ́tà yìí kí ẹ̀yin gan-an tó kà á.

Wọ́n á bi yín pé kí ló ṣe ọmọ yín tó fi kó ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn, ṣé kò ní fóònù ni? Ẹ sọ fún wọn pé ó ní. Ẹ sọ fún wọn pé ó pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́, ẹ sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Ẹ fi kún un pé níta gbangba, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́, lẹ ti sọ ohun tó ń bí mi nínú. Ìta gbangba náà ni mo ti ń fèsì. Láti kékeré lẹ ti ń sọ pé ẹnu mi mú ju abẹ lọ. Ó ṣì mú, Bàbá.

Ara mi le. Òtútù ibí ni kò ṣe é bá ṣe ọ̀rẹ́. Ọyẹ́ tiwa a máa wá láàárọ̀, bí oòrùn bá ti yọ sórí òkè, á ká ẹní rẹ̀ ńlẹ̀. Tibí kò mọ̀nà ilé rẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó lè di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. Mo máa ń tan rédíò kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ló ń kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà ẹ̀yin. Èyí tí mo ń fi ránṣẹ́ fún lẹ́sìnnì Dúpẹ́, tìfẹ́tìfẹ́ ni. N kò ní fi í halẹ̀ mọ́ yín, ẹ fọkàn balẹ̀.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé gbọ́, torí mo ti sọ ọ́ fún yín tó, ẹ kò gbà: n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. N kò ṣe nọ́ọ̀sì rí. Àwọn èèyàn yín ní mọ́ṣáláṣí tó ń kí yín kú oríire ọmọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà, irọ́ lẹ pa fún wọn. Irin iṣẹ́ abẹ ni mo ń fọ̀ nílé ìwòsàn. Sísọ́ọ̀sì, ọ̀bẹ, ẹ̀mú, gbogbo ohun tí dókítà fi ń la ara èèyàn, ìsàlẹ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ń kó o wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. A ó fọ̀ ọ́, a ó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná, a ó dì í, a ó fi ooru gbígbóná pa kòkòrò ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ wa bá dákẹ́, àwọn dókítà òkè á kàn fọwọ́ lẹ́rán ni. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ ní kí n bọ́ épúrọ́ọ̀nù kí n tún òmíràn yà, pé mo jọ ẹni tó ń fọ abọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn wa a máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà ní àwọn Sátidé kan. Ọmọ tó bá ní ìṣègùn wu òun, wọ́n á mú un káàkiri. Wọ́n á fi ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò hàn án, wọ́n á fi àwọn tó ń ya fọ́tò egungun hàn án. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bó ṣe máa tún oúnjẹ gbé mì. Iṣẹ́ ni o, wọ́n ń sanwó oṣù fún un. Kò sẹ́ni tó ń ní kí ọmọ tó mọ̀wé jù bọ́ síwájú kí àwọn yòókù máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń fi hàn wọ́n ni, àwọn ọmọ náà ń béèrè bó ṣe wù wọ́n, tọ̀pè tọlọ́gbọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀gá mi ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gbé sísọ́ọ̀sì kan sókè, mo ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan tó dirun bíi ti Dúpẹ́ wá bi mí pé ta ló fi iṣẹ́ yìí hàn mí nígbà tí mo wà ní irú ọjọ́ orí òun. N kò rí ẹnì kankan dárúkọ. Ebi ló fi iṣẹ́ náà hàn mí, nígbà tí mo ti dàgbà tán.

Mo wá tẹ̀ lé wọn dé yàrá tó kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ fún ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tò sórí tábìlì bí ẹsẹ̀ àga ṣe ń tò lọ́dọ̀ káfíńtà. Wọ́n fi ọ̀kan lé ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́, wọ́n ní kó wò ó bóyá ó gún. Ó di ojú kan, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Bí Káyọ̀dé ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo jáde, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún débi pé ọ̀gá mi wá ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ ti gbàgbé ẹsẹ̀ Bàbá Jímọ̀, àbí? Èmi kò gbàgbé. Bàbá Jímọ̀ aládùúgbò wa, tí àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tó ń wọ́ ìdí nílẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Káyọ̀dé kò tíì kúrò ní ilé ìwé gírámà kékeré nígbà náà. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ igi fún un. Ó fi rọ́bà inú táyà tẹ́ inú rẹ̀ kí igi má baà máa họ ojú ọgbẹ́, ó fi awọ bẹ́líìtì so ó. Bí Bàbá Jímọ̀ bá rìn ín, á ní ó ga jù, Káyọ̀dé á gbé e lọ, á tún un fá. Nígbà tó yá, Bàbá Jímọ̀ fi ẹsẹ̀ náà rìn lọ kírun Jímọ́ọ̀, gbogbo àdúgbò dúró wò ó. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ gba àáké lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ ní dókítà kì í gbẹ́gi, pé kó má fi iṣẹ́ tálákà ba ọwọ́ tó máa fi di ìwé mú. Háà, Bàbá! Iṣẹ́ ìwòsàn ló ń ṣe níwájú yín níbẹ̀, tí ẹ gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹni tó ń kà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá: nígbà tí Káyọ̀dé ṣe ipò kíní ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi pa ewúrẹ́, wọ́n pe ẹbí jọ, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà ní nǹkan mìíràn ju Dókítà lọ. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Tiwa nìyẹn nílé. Ohun tí a bá fẹ́ kí ọmọ dà la ó máa pè é, a ó máa pè é títí yóò fi dà á. Ìyé mi di Ìyá Dókítà lọ́jà Kabba. Àwọn àbúrò bàbá mi, olùkọ́, àlùfáà, gbogbo wọn ní Dókítà. Ọmọ náà kò tíì ju ẹni tó ń ṣe bọ́ọ̀lù láìwẹ̀ lọ.

Ó ṣe ìdánwò yunifásítì, wọn kò mú un fún ìṣègùn. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gboyè, tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan gbà á láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, Bàbá! Bí ẹni wọn ọwọ́ rẹ̀ kó tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ ní kó dá ìwé wọn padà. Ẹ ní ṣé kí wọ́n wá máa pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Mẹkáníìkì lọ́jà ni? Ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn àlejò yín lẹ́rìn-ín, mo wà níbẹ̀. Káyọ̀dé náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kadà ló ń gùn báyìí. N kò bú ọlọ́kadà, òógùn rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo wálé ní Kérésìmesì tó kọjá, òun ló wá gbé mi ní gáréèjì. Bí a ṣe ń lọ, ìyá kan ń pariwo pé ṣé Dókítà á gbé òun dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ọmọdé kan ní kí Dókítà fi fèrè kí òun, ẹlẹ́po kan ń gégùn-ún pé Dókítà da eruku sí òun láṣọ. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí, ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò, ọrùn náà kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ìkóríta, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ṣe ilé ìwé pè é ní Káyọ̀dé, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò yíjú. Èmi ni mo gbá a lẹ́jìká pé wọ́n ń pè é. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ni.

Èyí ni mo gbé padà wá sínú òtútù yìí. Mo rò pé ẹ̀yin náà ti rí i, pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ní ìpàdé ìlú nígbà Àjíǹde, ẹ gba gbohùngbohùn, ẹ ní kí wọ́n má bínú, Dókítà ilé yín kò sọnù, ó kàn bọ́ lọ́rùn ẹ̀gbọ́n kọ́ àbúrò lọ́rùn ni. Ẹ fi Dúpẹ́ hàn wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Káyọ̀dé wà lẹ́yìn ibẹ̀, lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń dúró kó lè gbé yín relé.

Ilé ìwé Dúpẹ́ náà ṣe ọjọ́ tiwọn láti fi iṣẹ́ han àwọn ọmọ. Ó sọ fún mi lórí fóònù, mo kọ́kọ́ yọ̀. Wọ́n yá ẹ̀wù funfun kan ṣoṣo àti ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, wọ́n to àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù síwájú, wọ́n ń gbé ẹ̀wù náà wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yà wọ́n ní fọ́tò. Ẹni tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ẹni tí kò bá rí dókítà ṣe kó ṣe nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò bá rí nọ́ọ̀sì ṣe kó máa ta oògùn. Ó tán. Fọ́tò Dúpẹ́ lẹ ṣe ńlá tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀ yẹn, tí ẹ̀wù ń wọ́ nílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ wo ojú ọmọ náà dáadáa bí ẹ bá tún kọjá níwájú rẹ̀.

Etí ni Dúpẹ́ fẹ́. Ọmọ yín kò ya ọ̀lẹ, orí rẹ̀ pé ju tèmi àti ti Káyọ̀dé lọ. Òun ló ń jókòó ti Ìyé ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fẹnu la ìwàásù yé e, nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé Ìyá Dókítà ti gbéra ga, wọ́n kí i kò dáhùn. Òun ló ń bá a lọ sọ́jà kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ. Láìpẹ́ yìí ó bi mí pé kí ló dé tí Ìyé ń gbọ́ ohùn Bàbá, ṣùgbọ́n tí kì í gbọ́ tòun àti ti àwọn ọmọdé, bí wọ́n tilẹ̀ pariwo. Ó ti bi olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ ní kò sí nínú ìwé ìdánwò. Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá àwọn tó ń wo etí níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ etí tó ń kú, ohùn tínrín ló máa ń kọ́kọ́ sá kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ta nìyẹn? Mo ní ọmọ ìyá mi ni. Ara mi wú. Mo wádìí, mo rí i pé yunifásítì wà nílé wa níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ etí àti ohùn, mo sì sọ fún un. Bó ṣe sọ fún yín lẹ ní ṣé etí náà tún jẹ́ iṣẹ́ ni. Ẹ ní bó bá kọ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìṣègùn sínú fọ́ọ̀mù ìdánwò, kó má retí àdúrà yín. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù náà. Ẹkún ló fi pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín, ẹ sì mọ bí ẹ ṣe dá mi lóhùn.

Mo mọ ohun tó ń ṣe yín. N kì í ṣe ọmọ tó gbàgbé ọgbẹ́ bàbá rẹ̀. Àǹtí Ràmátù, àbúrò yín obìnrin, bímọ tán nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó sì kú lọ́wọ́ yín. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí Káyọ̀dé. Ẹ búra pé dókítà gbọ́dọ̀ ti ilé yín jáde kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo bá yín sunkún lórí ìtàn yìí láti kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un sọ fún ara yín, Bàbá, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa bí ẹ bá kírun alẹ́ tán. Ẹ ní dókítà wà níbẹ̀. Ẹ ní kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ká apá ẹ̀wù sókè pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó sọ èyí tó bá tirẹ̀ mu, òun ni kò sí. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò rí ẹlòmíràn gbà síbẹ̀. Ẹ ní dókítà di orí mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, n kò fi kún un. Dókítà wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ ẹnì kankan ní gbogbo agbègbè náà tí wọ́n ti fi hàn án pé yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò jẹ́ iṣẹ́. Olúkúlùkù bàbá ló ń pe ọmọ tirẹ̀ ní Dókítà.

Ẹ bá mi yọ fọ́tò yẹn lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí Dúpẹ́ kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ẹ sì ṣàdúrà fún un, torí àdúrà yín ń jà, èmi mọ̀. Ẹ̀yin bàbá yòókù tó ń ka ìwé tí a kò kọ sí yín, ẹ̀yin náà ẹ wo ara ògiri yín.

Bàbá mi, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn nínú àlàáfíà. Ẹ ó jèrè ọmọ, àti ọmọ tí ẹ fi ń yangàn àti èyí tí ẹ fi ń tijú. Kí Ọlọ́run la etí Ìyé mi. Mo kí gbogbo ilé, mo kí oko, mo kí Bàbá Jímọ̀ bó bá ṣì ń fi ẹsẹ̀ yẹn rìn.

Nǹkan kan ló kù. Lọ́la, kí ẹ tó jáde lọ kírun òwúrọ̀, kí Káyọ̀dé tó ti ọ̀kadà rẹ̀ jáde, ẹ pe ọmọ yín ní orúkọ tí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún un pè. Ẹ má dákẹ́, Bàbá. Ẹ máa pè é títí tí yóò fi yíjú.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀, tó ń fọ irin.